Orí Keje: Nígbà Tí Signal Widget Àfọwọ́ṣe Kò Bá Dáhùn

Nínú orí tó ṣáájú a ti kọ́ bí a ṣe ń to bọ́tìnì, àkọlé àti àpótí ìkọ̀wé sójú fèrèsé kan. Orí yìí dá lórí ohun tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ti ṣe widget tiwọn, wọ́n ti fún un ní signal (ìròyìn tí widget ń rán jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀), wọ́n tẹ bọ́tìnì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀ kankan, ètò náà kò sì dákú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí: signal ní ọ̀nà tó ń tọ̀, ibi mẹ́rin ni a ti lè wádìí rẹ̀ lójú ọ̀nà náà, ibi tí ìdáhùn bá ti já ni àléébù wà. Ẹni tó bá ń tún kóòdù kọ kó tó wádìí, iṣẹ́ ló ń fi kún iṣẹ́.

Ilé ìtajà ọkà ní Banifandou

Ká ní ẹnì kan ń ta jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ní Banifandou, àdúgbò kan ní Niamey, olú ìlú Niger. Tíyà ni wọ́n fi ń wọn ọkà níbẹ̀, bí a ṣe ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n nílé. Tíyà jéró kan tó nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀. Ẹni yìí fẹ́ ètò kan lórí laptop rẹ̀ tí yóò máa ka tíyà tí oníbàárà rà, tí yóò sì ṣírò owó rẹ̀ ní sẹ́fà.

Ètò orí kọ̀ǹpútà bá ibẹ̀ mu ju ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger lọ́jọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, Nàìjíríà gé iná tó ń gba Birnin Kebbi lọ sí Niamey, àìríná lò sì di ohun ojoojúmọ́ ní ìlú náà. Laptop tó ní bátìrì, tí ètò rẹ̀ kò gbójú lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè máa ka tíyà lọ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn.

GTK 4 pẹ̀lú Python ni a ó lò; PyGObject ló so méjèèjì pọ̀. Widget wa nìyí:

```
import gi
gi.require_version("Gtk", "4.0")
from gi.repository import Gtk, GObject

class OnkaTiya(Gtk.Box):
    __gsignals__ = {
        "iye-yipada": (GObject.SignalFlags.RUN_FIRST,
                       None, (int,)),
    }

    def __init__(self):
        super().__init__(spacing=6)
        self.iye = 0
        self.akole = Gtk.Label(label="0")
        fikun = Gtk.Button(label="+")
        fikun.connect("clicked", self.nigba_te)
        self.append(self.akole)
        self.append(fikun)

    def nigba_te(self, botini):
        self.iye += 1
        self.akole.set_text(str(self.iye))
        self.emit("iye-yipada", self.iye)
```

Fèrèsé ńlá tó gba widget yìí mọ́ra ni yóò fetí sí i:

```
self.onka = OnkaTiya()
self.onka.connect("iye-yipada", self.se_isiro)
```

Ibi mẹ́rin náà ti hàn báyìí. A kéde signal nínú `__gsignals__`, a so ó mọ́ function kan pẹ̀lú `connect`, a rán an jáde pẹ̀lú `emit`, `se_isiro` sì gbà á. Function tó ń gba signal báyìí ni wọ́n ń pè ní handler. Widget tó rán signal kò mọ ẹni tó gbà á, kò sì bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni gbà á rárá. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe ibí fi máa ń dákẹ́: bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́, lójú GTK kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìlànà yìí ti wà tipẹ́. Haavard Nord àti Eirik Chambe-Eng, àwọn ará Norway méjì tó dá ilé iṣẹ́ Trolltech sílẹ̀ ní 1994, gbé Qt, irinṣẹ́ mìíràn fún kíkọ ètò onífèrèsé, jáde ní 1995 pẹ̀lú signal àti slot (orúkọ tí Qt ń pe handler) nínú rẹ̀. GTK ní tirẹ̀ jáde wá láti ara GIMP, ètò àwòrán tí Spencer Kimball àti Peter Mattis ṣe nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì California ní Berkeley. Nígbà tí GTK 2 dé ní 2002 ni iṣẹ́ signal bọ́ sínú GObject, ìpìlẹ̀ tí GTK 4, tó jáde ní oṣù kejìlá 2020, ṣì dúró lé lórí. Ohun tí ẹ bá kọ́ nípa ọ̀kan yóò ṣe yín láǹfààní lórí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣìṣe wọn yàtọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé signal jáde?

Ẹ má kọ́kọ́ wo `se_isiro`. Ẹ fi handler mìíràn tí kò lè kùnà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

```
self.onka.connect("iye-yipada", lambda *a: print(a))
```

Ìlà kan yìí ṣeyebíye. Ó gba iyekíye tí signal bá gbé dání, ó sì tẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ ṣí ètò náà láti inú terminal, ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ wo ohun tó jáde. Bí nǹkan bá jáde, ìkéde, ìsopọ̀ àti ìránjáde dára. Inú `se_isiro` ni kí ẹ lọ. Bí kò bá sí ohun tó jáde, ẹ fi `print` sí ìlà tó ṣáájú `self.emit`. Bí ìyẹn náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé bọ́tìnì inú kò dé ọ̀dọ̀ `nigba_te`. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí lambda kò sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì máa ń gba àkókò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù: ẹ so signal mọ́ ẹ̀dà kan, ẹ̀dà mìíràn ló wà lójú fèrèsé.

```
self.onka = OnkaTiya()
self.onka.connect("iye-yipada", self.se_isiro)
apoti.append(OnkaTiya())
```

Ìlà kẹta dá OnkaTiya tuntun sílẹ̀. Èyí tí oníbàárà ń tẹ̀ kò ní handler kankan. Èyí tó ní handler kò sí lójú fèrèsé. Kíláàsì kan náà ni wọ́n, nítorí náà ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ tẹ `id(self)` síta nínú `nigba_te`, ẹ tẹ `id(self.onka)` síta níbi tí ẹ ti so ó. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ ti rí i.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa ṣí ètò láti inú terminal ni pé bí handler bá kọsẹ̀ nínú PyGObject, Python yóò tẹ ọ̀rọ̀ àṣìṣe síbẹ̀, ètò náà yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹni tó bá tẹ àwòrán ètò lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí kò ní rí ọ̀rọ̀ náà láé. PyQt, tó so Python mọ́ Qt, yàtọ̀ níhìn-ín: láti PyQt 5.5, àṣìṣe tí a kò mú nínú slot máa ń pa ètò náà pátápátá. Ó le, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kò fi àléébù pamọ́.

Ìkéde tó wà níbi tí kò yẹ

Bí terminal bá sọ pé `unknown signal name`, GObject kò mọ orúkọ tí ẹ pè. Ẹ bi í léèrè ohun tó mọ̀:

```
print(GObject.signal_list_names(OnkaTiya))
```

Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ kọ `__gsignals__` sí. Inú kíláàsì ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú `__init__`, nítorí ìgbà tí Python bá ń dá kíláàsì sílẹ̀ ni GObject ń ka ìkéde náà. Nígbà tí `__init__` bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Òfin kan náà ló wà nínú PyQt: bí ẹ bá kọ `self.iye_yipada = pyqtSignal(int)` sínú `__init__`, Python yóò sọ fún yín pé `pyqtSignal` kò ní `connect`. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn ń ṣi ènìyàn lọ́nà, ó ń jẹ́ kí wọ́n máa wá `connect` kiri, nígbà tó jẹ́ pé ẹ kàn ní láti gbé ìlà náà gòkè sínú kíláàsì ni.

Orísun kejì àṣìṣe yìí ni kóòdù àtijọ́ tí a dà kọ. Ẹ̀kọ́ GTK 3 pọ̀ níta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lo `button-press-event` lórí widget tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yà. GTK 4 ti yọ signal yẹn kúrò. `Gtk.GestureClick` ni a ń lò báyìí, a ó fi í mọ́ widget pẹ̀lú `add_controller`, a ó sì fetí sí signal rẹ̀ tó ń jẹ́ `pressed`. Bí ẹ bá ṣì wà lórí GTK 3 ńkọ́? `Gtk.DrawingArea` ibẹ̀ kì í gba títẹ̀ eku bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi `add_events` béèrè fún un. Ibẹ̀ kò ní fún yín ní àṣìṣe kankan, ìdákẹ́jẹ́ lásán ni ẹ ó rí.

Àmì ohùn nínú orúkọ signal

Ibí yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó wu ọ̀pọ̀ nínú yín láti fi èdè wa sọ orúkọ signal, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà A dé Z, ńlá àti kékeré, nọ́ńbà, `-` àti `_` nìkan ni GObject gbà nínú orúkọ signal, lẹ́tà ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà `iye-yipada` yóò kọjá, `iye-yípadà` kò ní kọjá. GObject ka `-` àti `_` sí ohun kan náà, ẹ má wá àléébù síbẹ̀.

Àwọn orúkọ Python fúnra wọn gba àmì ohùn, ewu mìíràn sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà bí `ẹ̀` ju ọ̀nà kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́: ó lè jẹ́ `ẹ` kan pẹ̀lú àmì tó tẹ̀ lé e, ó sì lè jẹ́ `e` lásán pẹ̀lú àmì méjì. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀. Orúkọ function àti ti nǹkan tó kù ni Python ń sọ di ọ̀kan kó tó lò ó. Ọ̀rọ̀ inú àmì ìfàyọ ni kò fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá to orúkọ ọjà sínú dictionary, kí ẹnì kan ní Niamey tó ń lo kíbọ́ọ̀dù AZERTY tẹ "ẹ̀wà", kí ẹlòmíràn ní Ìbàdàn tẹ "ẹ̀wà" lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí dictionary ka ọ̀rọ̀ náà sí méjì, kí signal sì dé ọ̀dọ̀ handler tí kò rí ọjà náà. `unicodedata.normalize("NFC", oro)` ló ń tún un ṣe, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọlé ni kí ẹ sì lò ó, kì í ṣe nínú handler kọ̀ọ̀kan.

Ìsopọ̀ tó dà bí ẹni pé ó dára

Ẹ wo ìlà yìí: `fikun.connect("clicked", self.nigba_te())`. Àkámọ́ ìkẹyìn yẹn pe function náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tó dá padà ni ẹ wá fún `connect`. Níbí, Python yóò kọ́kọ́ kígbe pé `botini` kò sí. Ká ní function náà kò béèrè nǹkan kan ni, PyGObject ni ìbá sọ fún yín pé `second argument must be callable`.

Èyí tí kì í kígbe ni ti lambda nínú `for`:

```
for oja in ["jero", "baba", "ewa"]:
    b = Gtk.Button(label=oja)
    b.connect("clicked", lambda w: self.yan(oja))
```

Bọ́tìnì mẹ́ta ló jáde, orúkọ ara wọn pé, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá tẹ̀, ẹ̀wà ni yóò yàn. Lambda kò tọ́jú iye `oja` ti ìgbà tí a kọ ọ́. Ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ló ń lọ wò ó, `oja` sì ti di "ewa" nígbà náà. GTK ní ọ̀nà tó mọ́ jù: `b.connect("clicked", self.yan, oja)`, kí `yan` sì gba bọ́tìnì ṣáájú, kó gba `oja` tẹ̀ lé e. Nínú PyQt àwọn ènìyàn máa ń kọ `lambda o=oja: self.yan(o)`, wọ́n á sì ṣubú sínú kòtò kejì, nítorí `clicked` ti Qt ń gbé iye `checked` dání wá. Iye yẹn ni yóò bọ́ sínú `o`, ẹ ó sì rí `False` níbi tí ẹ ti ń retí jéró. Ẹ kọ `lambda checked, o=oja: self.yan(o)`.

Signal dé, iye rẹ̀ kò tọ́

Bí iye tí ẹ rán kò bá bá ìkéde mu, ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá kéde `int` kan tí ẹ sì rán signal láìfi nǹkan sí i, PyGObject yóò sọ iye tí signal náà béèrè àti iye tí ẹ fún un. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni iye tí irú rẹ̀ tọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò tọ́.

Ní ọjà Niamey, yálà Zarma ni wọ́n ń sọ tàbí Haúsá, dálà ni wọ́n fi ń ka owó. Kì í ṣe dọ́là Amẹ́ríkà. Dálà kan jẹ́ sẹ́fà márùn-ún. Ẹni tó bá sọ pé tíyà kan jẹ́ dálà 140, sẹ́fà 700 ló ń sọ. Bí widget iye owó yín bá jẹ́ kí ọlọ́jà tẹ 140 bó ṣe mọ̀ ọ́n, tó sì rán `emit("owo-yipada", 140)`, fèrèsé ńlá tó rò pé sẹ́fà ni yóò fi ọjà sílẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ tó lè bá yín rí èyí, nítorí `int` ni 140, `int` náà ni 700. Ẹ yan ẹyọ kan ṣoṣo tí signal yóò máa gbé, ẹ fi í sínú orúkọ rẹ̀, `owo-sefa-yipada`, kí ìyípadà láti dálà sí sẹ́fà sì máa wáyé nínú widget kó tó rán an jáde. Mo ka ìlànà yìí sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù inú orí yìí lọ, nítorí owó ẹni ẹlẹ́ni ló wà nídìí rẹ̀.

Ọlọ́jà lè fẹ́ rí méjèèjì lójú fèrèsé. A ó wá fi SpinButton (àpótí nọ́ńbà ti GTK) méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún sẹ́fà, ọ̀kan fún dálà, kí èyí tí a bá yí máa yí èkejì:

```
def sefa_yi(self, s):
    self.dala.set_value(s.get_value() // 5)

def dala_yi(self, d):
    self.sefa.set_value(d.get_value() * 5)
```

Ẹ dán an wò. Ká ní 650 ló wà nínú sẹ́fà, ẹ tẹ 703 dípò rẹ̀. Dálà kúrò ní 130, ó di 140. Ìyípadà yẹn rán signal tirẹ̀, `dala_yi` gbà á, ó sì fi 700 sínú sẹ́fà. 703 yín ti pòórá. Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 700 lọ sí 703. Lọ́tẹ̀ yìí kò pòórá: dálà ti wà ní 140 tẹ́lẹ̀, SpinButton kì í sì í rán `value-changed` bí iye kò bá yí padà. Àléébù tó ń wá tó ń lọ báyìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé kọ̀ǹpútà ń ṣe wèrè. Kò ṣe wèrè. Signal méjì ló ń pe ara wọn. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí `connect` dá padà, kí ẹ fi dí handler náà nígbà tí ètò fúnra rẹ̀ ló ń yí iye:

```
self.id_dala = self.dala.connect("value-changed",
                                 self.dala_yi)

def sefa_yi(self, s):
    with self.dala.handler_block(self.id_dala):
        self.dala.set_value(s.get_value() // 5)
```

Ẹ ṣe bákan náà fún `dala_yi`. `QSignalBlocker` ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú Qt, ṣùgbọ́n gbogbo signal widget náà ló ń dí, kì í ṣe handler kan péré.

Irinṣẹ́ díẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ètò pẹ̀lú `GTK_DEBUG=interactive`, fèrèsé àyẹ̀wò GTK yóò jáde, ẹ ó sì rí gbogbo widget bí wọ́n ṣe wà nínú ara wọn; ibẹ̀ ni OnkaTiya tó ju ọ̀kan lọ ti máa ń hàn kíá. `G_DEBUG=fatal-warnings` máa ń dá ètò dúró níbi ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ gan-an. Bí òṣùwọ̀n tó so mọ́ kọ̀ǹpútà bá ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ láti inú thread mìíràn, ẹ má pe `emit` níbẹ̀: ẹ fi `GLib.idle_add` gbé e padà sínú thread tí GTK wà, nítorí GTK kì í gbà kí a fọwọ́ kan òun láti ibòmíràn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ fi bọ́tìnì `-` kún OnkaTiya, kí iye má lè lọ sísàlẹ̀ òdo, kí signal má sì jáde nígbà tí iye kò bá yí padà. Ẹ fi lambda àyẹ̀wò jẹ́rìí sí i.

Ẹ kọ widget iye owó tó ń gba dálà, tó ń rán sẹ́fà jáde. Ẹ fún ẹlòmíràn lórúkọ signal nìkan, láìfi kóòdù hàn án, kó so ó mọ́ ètò tirẹ̀. Bí ó bá ní láti bi yín léèrè irú owó wo ni, ẹ yí orúkọ náà padà, kí ẹ sì tún fi í fún un.